«Mo Sàn Jù Ú Lọ»: Ọ̀rọ̀ Ìbílísì Lẹ́nu Bob Ewell

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn.

Nígbà tí Ọlọ́hun ní kí Ìbílísì forí kanlẹ̀ fún Ànábì Ádámà, ó kọ̀. Èsì tó fọ̀ wà nínú Súrátùl Àráàfù, áàyà 12: «Mo sàn jù ú lọ. Iná ni O fi dá mi, amọ̀ ni O fi dá a.» Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò dárúkọ iṣẹ́ rere kan tó ṣe. Kò ní òun mọ̀ jù, kò ní òun tẹríba jù. Ohun tí wọ́n fi dá a, tí kò lọ́wọ́ sí rárá, ni gbogbo àwíjàre rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nínú To Kill a Mockingbird, ìwé ìtàn àròsọ tí Harper Lee, obìnrin aláwọ̀ funfun ọmọ Alabama ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1960. Bob Ewell lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ààtàn ìlú ló ń gbé. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún un, ọtí ló fi ń mu. Ebi ń pa àwọn ọmọ. Síbẹ̀, nígbà tó dé iwájú adájọ́, ó ní àwọn aláwọ̀ dúdú tó múlé ti òun ń bu iyì ilé òun kù. Ilé ẹ̀yìn ààtàn o! Òǹkọ̀wé náà là á mọ́lẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fi ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ ni pé, bí wọ́n bá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó o, awọ ara rẹ̀ á funfun. Iná tirẹ̀ nìyẹn.

Ó fẹ̀sùn kan Tom Robinson, lébìrà oko aláwọ̀ dúdú, pé ó fipá bá Mayella ọmọ òun lò pọ̀. Ojú ọ̀tún ọmọbìnrin náà ló wú, bí ojú ẹni tí alọ́wọ́ òsì lù. Ọwọ́ òsì Tom sì ti rọ láti kékeré, ẹ̀rọ òwú ló gbé e. Lọ́yà Tom ní kí Ewell kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Bàbá ló lu ọmọ, ó wá gbé e ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ funfun tó jókòó dájọ́ rí gbogbo èyí, wọ́n sì mọ irú ẹni tí Ewell jẹ́. Wọ́n ṣì dá Tom lẹ́bi. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba bi Tom ìdí tó fi ń bá ọmọbìnrin yẹn ṣiṣẹ́ ilé lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní àánú rẹ̀ ló ṣe òun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó gbà pé òun sàn jù lè gbà kí o bẹ̀rù òun, ó lè gbà kí o kórìíra òun pàápàá, ṣùgbọ́n kò ní gbà kí o ṣàánú òun láé. Tom gbìyànjú láti sá kúrò lẹ́wọ̀n, wọ́n yìnbọn pa á. Ihò ọta 17 ló wà lára rẹ̀.

Irú ẹjọ́ yìí wà nínú Kùránì. Ẹ ṣí Súrátùn Nísáì, láti áàyà 105 dé 112. Ọ̀pọ̀ onítumọ̀ sọ pé ọkùnrin kan ní Mẹdínà, Tumah ọmọ Ubayriq, tó ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, jí ẹ̀wù irin tí wọ́n fi ń jagun, ó sì gbé e pa mọ́ sílé Júù kan. Nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, ó ní Júù náà ló jí i. Àwọn ẹbí Tumah lọ bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kí ó gbèjà ẹni tiwọn. Áàyà sọ̀ kalẹ̀ láti wẹ Júù náà mọ́: má ṣe alágbàwí fún àwọn oníjàǹbá. Ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀, tó wá jù ú lu aláìṣẹ̀, irọ́ ńlá àti ẹ̀ṣẹ̀ tó hàn gbangba ló dì lẹ́rù.

Àwọn ẹbí yẹn ni mo bẹ̀rù ju olè náà lọ, nítorí àwa ni wọ́n jọ. Bí owó bá sọnù nílé, ta ni a kọ́kọ́ ń wò? Hausa tó ń ṣọ́ géètì. Ọmọ Àgànyìn tó ń fọ aṣọ. A tilẹ̀ ní òwe fún un: Gàmbàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú. Irọ́ ni. Ẹjọ́ wà nínú rẹ̀, Ọlọ́hun ni yóò sì dá a.

Sọ̀hábà ńlá ni Abu Dharr, síbẹ̀ ó bú ọkùnrin kan nítorí pé ìyá rẹ̀ kì í ṣe Lárúbáwá. Ànábì sọ fún un pé ìwà ìgbà àìmọ̀kan, ìgbà tí Ìsìláàmù kò tíì dé, ṣì wà nínú rẹ̀. Kò jiyàn. Ẹni tó rí i lẹ́yìn náà ní Rabadha, ibì kan nílẹ̀ Lárúbáwá, bá òun àti ẹrú rẹ̀ nínú irú aṣọ kan náà, ìtàn yìí ló sì sọ nígbà tí onítọ̀hún bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka Súrátùl Káfì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ dúró díẹ̀ ní áàyà 34, níbi tí olóko ti ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, «Mo lówó jù ọ́ lọ, mo sì lénìyàn jù ọ́ lọ.» Ẹ kà á dé 42.