Bí a ṣe ń fi láìmù àti sìmẹ́ńtì mú ilẹ̀ amọ̀ le

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ojú ọ̀nà àgbàlá tí a fẹ́ ṣe yìí wà nísàlẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé; gígùn rẹ̀ mítà 10, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 4. Irú ilẹ̀ yìí, ẹ da típà òkúta sí i lẹ́ẹ̀rùn, bí òjò bá ti dé, á gbé e mì.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ máa yí i láàrin àtẹ́lẹwọ́. Bó bá tín-ínrín láì já, amọ̀ ni, láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta sísun ṣe) ló máa kọ́kọ́ jẹ. Bó bá ń fọ́ sí yín lọ́wọ́, yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, sìmẹ́ńtì nìkan ti tó. Èyí tó dúdú, tó ń rùn bí ewé jíjẹrà, ẹ wà á dànù. Kò ní gba láìmù tàbí sìmẹ́ńtì dáadáa.

Kí ló dé tí a kì í da sìmẹ́ńtì lé amọ̀ tààrà? Amọ̀ máa ń ṣù. Sìmẹ́ńtì á kàn bo ìṣù náà lẹ́yìn bí èèpo ṣe bo iṣu, inú á ṣì rọ̀. Láìmù ló ń yí ìṣesí amọ̀ padà, tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ra mọ́.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o! Láìmù tí àgbẹ̀ ń dà sóko kò wúlò níbí. Òkúta lílọ̀ lásán ni, wọn ò sun ún. Èyí tí wọ́n sun, tí wọ́n sì fi omi pa, ni kí ẹ bèèrè.

Ìṣirò rèé. Jíjìn sẹ̀ǹtímítà 15, ó di kúbíìkì mítà 6. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 1,600 ní gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 9,600. Ìdá 4 nínú 100 láìmù jẹ́ kílò 384: àpò kílò 25 mẹ́rìndínlógún. Sìmẹ́ńtì ìdá 3 jẹ́ kílò 288: àpò kílò 50 mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ gbé ka orí ẹ̀, ẹ gbé erùpẹ̀ lọ sí láàbù kí wọ́n sọ iye tó yẹ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gọ́gù (awò tó ń dáàbò bo ojú). Láìmù ń jó ojú. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sáré lọ ọsibítù. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fi okùn pín ilẹ̀ sí ojú 16, mítà 2 sí mítà 1.25, àpò láìmù kan sójú kan. Ẹ fi díga àti ọkọ́ rò ó pọ̀ títí kò fi ní sí ìṣù tó ju èkùrọ́ lọ. Ẹ wọ́n omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó fún ọjọ́ 2.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún un tú, ẹ pín in sí ojú 6, àpò sìmẹ́ńtì kan sójú kan. Láti ìgbà tí omi bá ti kan sìmẹ́ńtì, wákàtí 2 péré lẹ ní. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dúró bí ìṣù, kó má sì tu omi sí yín lọ́wọ́. Rólà ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Rámà ọlọ́wọ́ (irin tí a fi ń gún ilẹ̀) kì í dé ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15.

Fún ọjọ́ 7, ẹ máa fi omi rẹ àpò ìdọ̀họ tí ẹ tẹ́ lé e, mọ́tò kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó to íńtálọ́ọ̀kì lé e, ẹ ṣe gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.