Gìgísẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Itan ń ro mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá gbọ́ "yéè" láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má jáyà.

Mo lọ wo capoeira Angola, eré ìjà kan tí wọ́n ń fi orin àti ìlù ṣe, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí ní London. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti ń fọ́nnu: ṣebí Bahia ní Brazil ló ti wá, ṣebí àwọn èèyàn wa wà ní Bahia, tiwa náà kọ́? Mo wọlé, wọ́n jókòó yí ká. Ẹni mẹ́ta mú ọrun dání tí wọ́n so akèrègbè mọ́ lápá ìsàlẹ̀, wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu wáyà rẹ̀. Berimbau nìyẹn. Ẹnì kan sì ń lu agogo. Agogo gan-an! Agogô ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tún ń ki ara wọn ní "axé", àṣẹ wa nìyẹn. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n wọn ò ṣèèṣì pè é ní Angola o; ilẹ̀ Angola ní Áfíríkà ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe ilẹ̀ wa. Òfin Brazil sọ capoeira di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dún 1890, ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn. Ọdún 1941 ni Mestre Pastinha, ọ̀gá nínú capoeira Angola, tó dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Salvador, olú ìlú Bahia.

Ijó ni mo kọ́kọ́ pè é. Àwọn méjì ń rá pálá nílẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ọmọ ìjàkadì! Nílé wa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ni ìyá kan tó lè bí mi bá pè mí wọlé. Mo sún mọ́ wọn kí n lè gbá wọn mú. Wọ́n yí bírí, wọ́n fọwọ́ tẹlẹ̀, ni gìgísẹ̀ bá gba òkè wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹ́ mi, kò kàn mí. Wọ́n jẹ́ kí n wò ó dáadáa kí wọ́n tó gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní gunga, berimbau tó ń dún wúwo jù, ló ń darí eré, òun ló sì ń pe èèyàn padà. Ó ti pè mí, mi ò gbọ́. Agogo tí mo mọ̀ ni mo tẹ́tí sí.

Màmá mi pè lálẹ́ yẹn: "Ta ló dá ta?" Mo ní wọn kì í kéde ẹni tó borí níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan wulẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹ́ mi ni.

"Ẹn-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Wọ́n dá ọ nìyẹn."