Ọjọ́ 8 Oṣù Keje: Àwọn Wo Ló Wà Nínú Ọkọ̀ Náà?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé mi tó wà káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò bọ̀ nílé, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kò sí àlejò lónìí. Èmi nìkan ni, ọ̀rọ̀ kan sì ń gún mi lọ́kàn.

Ẹ mọ eré ìbéèrè tí wọ́n máa ń ṣe níbi iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà níbí tí a bá ń jẹun ọ̀sán: irú ọjọ́ òní, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ìpínlẹ̀ báyìí-báyìí? Gbogbo yín lẹ ti ṣe é rí, mi ò ní ṣàlàyé. Ẹni tó bá gbà á gba ṣokoléètì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1819 ni Alabama di ìpínlẹ̀ kejìlélógún. Ṣokoléètì mi kì í tán nínú dúrọ́ọ̀! Hàhàhà.

Ó wá di ọjọ́ 8 oṣù Keje. Wọ́n bèèrè pé: ọkọ̀ ojú omi wo ló kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà gbẹ̀yìn? Ẹnì kan pariwo, "Clotilda!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó ń bèèrè wá fi kún un pé tẹ́tẹ́ ni olówó kan ta, ló fi rán ọkọ̀ náà lọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Wọ́n bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn o. Ìbéèrè nípa bọ́ọ̀lù. Ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e dé ẹnu. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, àwọn tó rín in kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Àwọn nǹkan tó wà nínú ìwé, ẹ ti mọ̀ wọ́n: òfin ti dá kíkó ẹrú wọlé dúró láti 1808, Timothy Meaher, olówó ní ìlú Mobile ní Alabama, ló rán ọ̀gákọ̀ William Foster lọ sí Ouidah, èbúté ìjọba Dahomey, ní 1860, wọ́n kó 110 ènìyàn sínú ọkọ̀, ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Mobile ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Keje, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Kò sẹ́ni tó lọ sẹ́wọ̀n nínú wọn. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí àwókù rẹ̀ nínú odò Mobile. Ó tán. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà ń jẹ́ Kossola. Ọmọ bíi ọdún mọ́kàndínlógún ni, láti agbègbè Banté, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ya wọ ìlú wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ogun tó dé, wọ́n ti ń múra láti mú un wọ Orò.

Mo pe màmá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n kó ọkùnrin kan wá síbí ní 1860, wọ́n ti fẹ́ mú un wọ Orò nílé." Màmá mi ní, "Orò kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, má bá mi sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin lórí fóònù!" Hàhàhà! Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni?"

Ọmọ ta ni. Nínú gbogbo eré ìbéèrè yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè ìyẹn. Mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀, torí pé Kossola fúnra rẹ̀ sọ orúkọ bàbá rẹ̀ títí ó fi kú: Oluale. Màmá mi ní, "Háà, ọmọ wa ni."

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan nínú yín tó ń sọ pé, "Ara Benin nìyẹn jàre, kí ló kàn wá?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó lórí ààlà ilẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n kó Kossola, kò sí Nàìjíríà, kò sí Benin lórí máàpù. Ẹni tó ń sọ èdè wa, tó mọ Orò, tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Oluale, ṣé ìwé ìrìnnà la máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó sunkún rẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí àwa aláwọ̀ dúdú la tà wọ́n?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọba Dahomey tà wọ́n. Mi ò ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tí wọ́n tà ṣe. Lẹ́yìn òmìnira ní 1865, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò pé. Kossola bá lọ bá Meaher, níbi tó jókòó lé igi tí Kossola ń gé, ó ní kó fún wọn nílẹ̀. Meaher fi ìbínú kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ṣẹ́ owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n dá ìlú tí à ń pè ní Africatown sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí, Gumpa ni wọ́n yàn, ọmọ Dahomey, ìbátan ọba tó tà wọ́n, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ kan náà! Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ kò ṣẹ àwọn. Àwọn tọ́rọ̀ kàn ti dá ẹjọ́ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọba Dahomey pa mí lẹ́nu mọ́ bí mo bá ń sọ ohun tí Meaher ṣe.

Ẹnì kẹta: "Eré lásán ni, má gbé e lé orí." Rárá o, màá gbé e lé orí. Ọjọ́ 8 oṣù Keje kì í ṣe ọjọ́ ọkọ̀. Igi ni ọkọ̀, ó sì ti jóná. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ta ni Matilda McCrear? Ọmọ ọdún bíi méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ wá, ilà wà lójú rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Ní 1931, ìyá àgbà yìí rin máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma láti bèèrè owó gbà-má-bínú. Wọn ò fún un ní nǹkan kan. 1940 ló kú. Ẹ tún bi wá pé ọmọ mélòó ni Kossola sin. Mẹ́fà. Mẹ́fà ló bí, gbogbo wọn ló kú ṣáájú rẹ̀, igbákejì ṣẹ́rífù kan ló yìnbọn pa ọ̀kan. Ẹ bi wá níyẹn, ká wo ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

Fọ́tò Kossola kan wà, ẹ wá a. Wọ́n fẹ́ yà á nígbà ogbó rẹ̀. Ó wọlé, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó wá bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun wà nílé ní Áfíríkà. Ibi ibojì àwọn ènìyàn rẹ̀ ló dúró sí. Mo fẹ fọ́tò náà tóbi lórí fóònù mi, mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá náà lórí koríko. Ẹsẹ̀ bàbá mi àgbà ni mo ń wò.

Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ó dáa. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Africatown Heritage House wà níbẹ̀ báyìí, ọjọ́ 8 oṣù Keje 2023 ni wọ́n ṣí i. Láti Atlanta níbí, wákàtí bíi márùn-ún ni ní mọ́tò. Mò ń kó àwọn ọmọ mi lọ. Ẹ̀yin ọmọ Banté, ẹ̀yin ará Ṣábẹ, ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sọ fún mi bí ọmọdé ṣe ń kí bàbá àgbà láàárọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n sọ kí a tó dé ibojì Kossola. Ẹ tètè fi ránṣẹ́ o, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ.