Ìbéèrè Kan Ṣoṣo: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé Nínú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọ̀pọ̀ máa rò ni pé olúwarẹ̀ fẹ́ lọ ka ìwé rẹpẹtẹ. Yóò kàwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé torí pé ìwé kíkà dùn mọ́ ọn nìkan, àfàìmọ̀ kó má sú u kí ọdún kejì tó parí. Kì í ṣe iye ìwé téèyàn kà ni wọ́n ń torí rẹ̀ fún un ní oyè yìí. Ìbéèrè ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn, tí èèyàn máa jókòó tì fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn méje, títí yóò fi rí ìdáhùn tó lè dúró níwájú àwọn tó mọ̀ ju òun lọ.

Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ síbi ìbéèrè yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1830, tó sì kú ní 1886. Ewì tó kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,800, àmọ́ nǹkan bíi mẹ́wàá péré ni wọ́n tẹ̀ jáde lójú ayé rẹ̀. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Lavinia, tó rí òkìtì ewì tó fi sílẹ̀. Dickinson ti da ọ̀pọ̀ lára wọn kọ dáadáa sórí bébà, ó ti fi òwú gán àwọn bébà náà pọ̀ di ìwé pẹlẹbẹ kéékèèké, 40 lápapọ̀. Nígbà tí àwọn olóòtú kọ́kọ́ gbé díẹ̀ jáde lára wọn ní 1890, wọ́n to àwọn ewì náà bó ṣe wù wọ́n, wọ́n fún àwọn kan ní àkọlé tí akéwì kò fún wọn, wọ́n sì tún àwọn àmì tó fi sáàárín ọ̀rọ̀ ṣe kó lè dà bí ewì àwọn ẹlòmíràn. Ó di 1955 kí olóòtú mìíràn, Thomas H. Johnson, tó kó gbogbo ewì náà jáde pẹ̀lú àmì bí Dickinson ṣe fi wọ́n sí. Ó sì di 1981 kí R. W. Franklin tó tẹ fọ́tò àwọn ìwé pẹlẹbẹ náà jáde, ní ìtò tí Dickinson fúnra rẹ̀ tò wọ́n.

Ẹ wá wò ó báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí ní 1950 àti èyí tó ń ṣe é ní 1982, akéwì kan náà ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni ti 1982 lè béèrè pé: ewì tí Dickinson gán mọ́ ẹ̀gbẹ́ òmíràn, ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ a máa yí padà tí a bá kà á pẹ̀lú ìkejì rẹ̀? Ṣé ìwé ni ó ń ṣe ni, àbí ibi ìpamọ́ lásán ni òwú yẹn wà fún? Ìbéèrè nìyẹn. Èèyàn lè rí ẹ̀rí tó gbè é lẹ́yìn, ó lè rí èyí tó takò ó, ó sì ṣeé ṣe kí ìdáhùn rẹ̀ má rí bó ṣe rò.

Ẹ fi èyí wé "Ikú nínú ewì Emily Dickinson". Àkòrí nìyẹn. Èèyàn lè kọ ojú ewé 300 lórí rẹ̀ kó má sọ nǹkan kan. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ àbá ìwádìí ń ṣubú nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ mú òǹkọ̀wé tó fẹ́ràn, ó mú kókó ńlá kan, ó so wọ́n pọ̀, ó ní òun ti rí iṣẹ́ ṣe. Kò tíì rí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbéèrè lẹ ní lọ́wọ́, ẹ bi ara yín pé: kí ni màá rí nínú ìwádìí yìí tó lè fi hàn pé mo ṣìnà? Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ padà lọ kàwé sí i.

Kí n má gbàgbé: lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi èdè náà kọ, níbi yòówù kó jẹ́ láyé, wọ inú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, bí wọ́n ṣe ń tà á, àti irú ẹni tó ń rà á.

Bí ọ̀nà ṣe rí yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ọjọ́ tí ẹ wọlé ni ìwádìí yín ti bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kò pọ̀. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ bá ń lọ sópin, wọ́n á yẹ iṣẹ́ yín wò bóyá ó lè di ti oyè ọ̀mọ̀wé. Àpilẹ̀kọ tí ẹ máa fi sílẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ 80,000 sí 100,000. Ní Amẹ́ríkà, ọdún bíi méjì ni ẹ máa kọ́kọ́ fi jókòó ní kíláàsì, ẹ ó ka ìwé oríṣiríṣi ìgbà, ẹ ó ṣe ìdánwò ńlá lórí wọn, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé àbá ìwádìí kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún márùn-ún sí méje, ti àwọn mìíràn sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oyè yìí nínú àwọn méjèèjì: fásitì Yale ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn mẹ́ta ní 1861, fásitì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá tirẹ̀ sílẹ̀ títí di 1917.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ ti ń yọjú, tó sì lè sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á bá a lára mu. Ẹni tó mọ̀ pé ewì ni òun fẹ́ àbí eré oníṣe, ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ béèrè, kó wá ibi tí wọ́n á ti fún un láàyè láti kàwé káàkiri ná.

Alábòójútó, ìyẹn olùkọ́ tó máa tọ́ yín sọ́nà nínú ìwádìí, òun ńkọ́? Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi orúkọ fásitì yan ibi tí ẹ máa lọ. Alábòójútó ni kí ẹ yàn. Ẹ ka ohun tó ti kọ jáde, ní pàtàkì èyí tó kọ láìpẹ́. Ẹ kàn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bójú tó lọ́wọ́, kí ẹ béèrè pé: ó máa ń pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kó tó dá orí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ padà? Ṣé ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, àbí "ó dára" lásán ló máa ń sọ? Ẹni tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé àmọ́ tí kì í ráyè ka iṣẹ́ yín kò lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí orí kẹta bá dojú rú, orí kẹta sì máa ń dojú rú.

Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́. Nígbàkígbà tí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé, ẹ kọ ojú ewé àti ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti rí i lára Dickinson pé ewì inú ẹ̀dà 1890 lè yàtọ̀ sí ti 1955. Àríyànjiyàn tí èèyàn kọ́ lórí àmì tí olóòtú fi síbẹ̀, tó rò pé akéwì ló fi í síbẹ̀, á wó lulẹ̀ pátápátá. Ẹ gbìyànjú láti rí ìwé àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àfọwọ́kọ Dickinson pọ̀ ní Harvard àti ní Amherst College, èèyàn sì lè wo àwòrán púpọ̀ lára wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí láìwọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn: ẹni tí kò bá rí sìkọ́láṣíìpù tàbí iṣẹ́ olùkọ́ tí fásitì á máa san owó rẹ̀ fún un, kó rò ó dáadáa kó tó wọlé. Ó sì yẹ kí n là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ fásitì tó dúró sójú kan nínú ẹ̀kọ́ yìí ti dínkù gan-an ní Amẹ́ríkà láti 2008. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í pamọ́ fún yín kò ṣe yín lóore. Tí ó bá jẹ́ pé kìkì iṣẹ́ yẹn lè mú kí ọdún wọ̀nyí ní ìtumọ̀ fún yín, ẹ dúró ná.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdánwò àfẹnuṣe, níbi tí wọ́n á ti bi yín ní ìbéèrè lórí àpilẹ̀kọ yín. Ní ilẹ̀ Netherlands, gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ìṣẹ́jú 45 ló sì sábà máa ń jẹ́. Tí àkókò bá tó, òṣìṣẹ́ fásitì kan á wọlé, á ní "Hora est", èyí tó túmọ̀ ní èdè Látìn sí pé àkókò ti tó, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì dúró, bí olùdáhùn tilẹ̀ wà láàárín gbólóhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Olùdánwò méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan láti inú fásitì náà, ọ̀kan láti ìta, wọ́n sì ti ka gbogbo àpilẹ̀kọ náà. Ó lè gba wákàtí méjì. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó dà bíi pé ó rọrùn: kí ló gbé ọ dé ìdí iṣẹ́ yìí, kí lo sì rí níbẹ̀ tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Kí wọ́n ní kéèyàn lọ ṣe àtúnṣe kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó yege ló gba àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ lọ sílé: gbólóhùn kan tí kò yé wọn, ìwé kan tó yẹ kó kà tí kò kà, ojú ewé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá a mu. Tó bá ti ṣe wọ́n tán, tí àwọn olùdánwò sì ti fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan àpilẹ̀kọ náà á lọ sí ilé ìkówèésí fásitì náà.