Òrúka Tó Ń Yí Lójú Fóònù

ṢADÉ: Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Leeds, ní Houston, níbi gbogbo tẹ́ ẹ wà. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà lónìí, nínú yàrá àbúrò mi. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ má bínú.

LÉKAN: Ilé ọmọ Ajílété. Wọ́n ti fún mi lọ́kà, ó ku ẹ̀kọ yangan.

ṢADÉ: Ẹ má sùn o, Bùọ̀dá Lékan. A ní áàpù tó dáa téèyàn lè máa kọ nǹkan sí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àmọ́ ẹnu mi ò lè gbé e láì kọ́kọ́ sọ ti Sátidé.

LÉKAN: O ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti àná.

ṢADÉ: Àwọn tó ń gbọ́ wa ò tíì gbọ́ ọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, téèyàn bá parí iṣẹ́ alẹ́, tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ilé ló máa pè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń pe ìyá àgbà mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa kì mí, èmi náà á máa tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù kan: oríkì, orúkọ àwọn ìyàwó bàbá ńlá wa, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kajú sí oko ọ̀nà Ìgbẹ́tì. Wọ́n ti kú báyìí. Ní ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò wọn obìnrin ní, "Ṣadé, mú ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ẹ jáde, káwọn ọmọ gbọ́." Mo yọ fóònù. Òrúka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá yìí gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú rẹ̀, bí ẹni pé eruku ló bò ó. Ó ṣì ń yí. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, "Ó dáa, ó di ọjọ́ mìíràn."

LÉKAN: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jẹ̀bi.

ṢADÉ: Rárá o! Áàpù ni! Inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, nílùú ẹlòmíì, ló kó ọ̀rọ̀ ìyá àgbà mi sí, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ sórí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo wá ń gbé kiri?

LÉKAN: WhatsApp lèmi ń lò. Mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ara mi.

ṢADÉ: Ẹ wá àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ti ra ògì ní Houston jáde báyìí.

LÉKAN: Dúró... "kú ọjọ́ ìbí"... "fowó ránṣẹ́"... Nǹkan pọ̀ níbí o.

ṢADÉ: [ẹ̀rín] Ògì Lékan!

LÉKAN: Má dárúkọ ògì. Ìyàwó mi máa gbọ́.

ṢADÉ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá èyí tẹ́ ẹ máa lò, ẹ gbọ́. Evernote ti wà láti 2008, èèyàn rẹpẹtẹ ló kó ọ̀rọ̀ wọn sí i. Ó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, ìgbà tó sì di oṣù Kejìlá 2023, ẹni tí kì í sanwó ò lè ní ju àkọsílẹ̀ 50 lọ mọ́. Kì í ṣe òun ni mo lò, àmọ́ onílé lè yí òfin ilé ẹ̀ padà nígbàkigbà. Obsidian tó jáde ní 2020 yàtọ̀: fáìlì lásán ló ń kọ, sínú fódà tó wà lórí ẹ̀rọ tiyín. Bí ilé iṣẹ́ wọn bá kógbá sílé lọ́la, ẹ̀rọ mìíràn á ṣí i. Ẹ lè so ọ̀rọ̀ kan mọ́ òmíràn, orúkọ bàbá ńlá mọ́ oko kajú, oko mọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀. Google Keep dáa fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́jà.

LÉKAN: Wàhálà Obsidian pọ̀. Àbúrò mi fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko yan àwọ̀ fún un, kò kọ gbólóhùn kan. Tó o bá sì fẹ́ kó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà pa pọ̀, o máa sanwó tàbí kó o wá ọgbọ́n dá.

ṢADÉ: Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ pa dátà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣí. Kẹ́ ẹ wá kọ "Ògbómọ̀ṣọ́" sí i tàmì-tàmì, kẹ́ ẹ wá a láìfi àmì sí i. Òmíràn á ní òun ò mọ ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

LÉKAN: Ìyẹn burú! Ṣùgbọ́n gbọ́ ti Ọ̀yọ́ wa. Àlùfáà Samuel Johnson, Ọ̀yọ́ ló ti ṣe pásítọ̀. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ nù. Ó kú ní 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ jọ, ó tún un kọ. Ìgbà tó fi jáde, 1921. Bébà ló ṣe gbogbo ẹ̀!

ṢADÉ: Bébà náà ló sọ nù lọ́hùn-ún! Èyí tó kù nílé ló yọ wọ́n.

LÉKAN: ...Èyí tó kù nílé. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ bébà ò ní bátìrì tó máa kú.

ṢADÉ: [ẹ̀rín] Èmi náà gbà. Láàárọ̀ yìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Mo ti ń dà wọ́n kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ 140 ti wọ fódà, mo sì ti tẹ oríkì yẹn sórí bébà. Tá a bá ti pa ẹ̀rọ yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá àgbà ni mò ń lọ kà á. Ẹ bá mi lọ, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.

LÉKAN: Kí n wá fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp?

ṢADÉ: Bùọ̀dá Lékan! [ẹ̀rín]