Ìjánu tí wọ́n fi dí ẹnu obìnrin

Ẹ wo irin yìí dáadáa. Ìjánu ni, àmọ́ kì í ṣe ti ẹṣin. Orí èèyàn ni wọ́n ń dé e sí láyé àtijọ́. Irin pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀ tó ń wọnú ẹnu, òun ló ń tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀. Ní Edinburgh ní Scotland, ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ láti ọdún 1567. Obìnrin tí wọ́n bá pè ní aláròyé ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ níyà, wọn á sì fà á kiri ìgboro.

Ní 1655, Dorothy Waugh, ọmọ ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Quaker, wọ ọjà Carlisle ní England, ó ń wàásù pé kí àwọn èèyàn jáwọ́ nínú ẹ̀tàn. Olórí ìlú ní kí wọ́n mú un. Wákàtí mẹ́ta ni irin náà fi wà lórí rẹ̀, wọ́n sì de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n tún ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó wá wò ó! Dorothy fúnra rẹ̀ ló ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣe ni omi ń bọ́ lójú àwọn tó rí òun.

Ìwàásù ni obìnrin yìí ṣe o. Bí ọkùnrin bá ṣe é lórí àga ìwàásù, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọn ì bá pè é.

Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ obìnrin pọ̀ ju tọkùnrin lọ? Ní 2007, olùwádìí Matthias Mehl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 396 sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Mexico. Tọkùnrin tobìnrin, nǹkan bí 16,000 ọ̀rọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ lójúmọ́. Ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ jáde ní 2025: láàárín ẹni ọdún 25 sí 64, obìnrin fi nǹkan bí 3,000 ọ̀rọ̀ ju ọkùnrin lọ lójúmọ́. Àwọn olùwádìí fura pé ọmọ títọ́ lè wà nídìí rẹ̀.

Ìdákẹ́ mìíràn wà tí irin kò fipá mú wá. Nílẹ̀ wa, kí ọmọ tó gbé ẹrù kalẹ̀ ni ìyá rẹ̀ á ti béèrè bí ọ̀nà ṣe rí àti bóyá ó ti jẹun. Ní Cibecue, lọ́dọ̀ àwọn Apache, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Arizona, Keith Basso tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá kọ ọ́ ní 1970 pé bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn dé, àwọn òbí á dákẹ́ ni. Wọn á máa wò ó, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ọmọ náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn òbí á sì máa gbọ́.