Ọ̀pá ìpẹja: ṣé ká ra ti fákítọ́rì ni àbí ká ní kí wọ́n bá wa ṣe tiwa?

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kabba, ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Bùnú, àtẹ̀yin ará Oworo tẹ́ ẹ jókòó ti odò Ọya, mo kí yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àwọ̀n pẹja, fìdíò tòní ò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, àmọ́ ẹ jókòó ṣá, ẹ ò mọ̀gbà tí ọmọ yín máa ní òun fẹ́ ra ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ àwa tá a fẹ́ràn ìwọ̀ ni, àwa tá a máa ń fi ọ̀pá àti rílì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ká okùn, ju okùn sómi ká wá dúró. Ṣé ká wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra ọ̀pá tí fákítọ́rì ti ṣe tán ni, àbí ká wá oníṣẹ́ tó máa ṣe tiwa lọ́tọ̀, tó máa wọn apá wa, tó máa béèrè irú ẹja tá à ń lé?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èrò tèmi kẹ́ ẹ má bàa máa retí ẹ̀ títí fìdíò fi máa parí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ti fákítọ́rì ni kó rà, kó má da ara ẹ̀ láàmú rárá. Èyí tí wọ́n ń bá èèyàn ṣe, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá lè fẹnu ara yín sọ ohun tó ń ni yín lára nínú ọ̀pá tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Tí oníṣẹ́ bá bi yín pé kí lẹ fẹ́, tẹ́ ẹ wá ní "ṣáà ṣe èyí tó dáa fún mi", owó yín ti fẹ́ wọgbó nìyẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀pá palẹ̀. Igi gbọọrọ tó ń tẹ̀ yẹn, tí inú ẹ̀ ṣófo, blánkì làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Fáíbà (fiberglass) ni wọ́n fi ń ṣe é, tàbí kábọ̀n (carbon fibre), wọ́n sì lè pa méjèèjì pọ̀. Aṣọ kábọ̀n tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù rin ni wọ́n máa gé, kó fẹ̀ nídìí kó sì ṣóńṣó lórí, wọ́n á wé e mọ́ irin gígùn kan, wọ́n á fi téèpù dì í pinpin, wọ́n á tì í sínú ààrò kí gọ́ọ̀mù yẹn lè gan, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fa irin náà jáde, ó ku igi oníhò nìkan. Ibi ìdìmú, ìjókòó rílì, àtàwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni gbogbo ìyẹn ń wọlé.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú, wọ́n rò pé ẹni tó ń bá èèyàn ṣe ọ̀pá ló ń ṣe blánkì fúnra ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn. Ọwọ́ fákítọ́rì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ra blánkì, ohun tó kù ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ẹ̀rúkọ́ ni: alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo lè rọ ọkọ́ fún odindi abúlé, àmọ́ kálukú ló ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tó bá ìdúró ẹ̀ mu. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ń polówó ọ̀pá fún yín pé òun fọwọ́ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kọ́kọ́ bi í pé blánkì ta ni.

Ká mú ti fákítọ́rì ná. Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ọ̀pá tẹ́ ẹ ń rí lọ́jà ti ń wá, ìlú Weihai níbẹ̀ sì lókìkí gan-an nídìí iṣẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ má rò pé ti Ṣáínà túmọ̀ sí gbàrọgùdù o, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà ń ṣe ọjà níbẹ̀. Àǹfààní tó wà nínú ẹ̀ ni pé ọ̀pá kan náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀rún lẹ́gbẹ̀rún, àwọn tó ti lò ó pọ̀, tó bá ní àléébù wọ́n á ti pariwo ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ yín. Ọ̀pá Ugly Stik tí ilé iṣẹ́ Shakespeare ń ṣe, tó jẹ́ fáíbà àti kábọ̀n tí wọ́n pa pọ̀, láti 1976 ló ti wà lọ́jà. Ó wúwo díẹ̀, kò sì lẹ́wà lójú àwọn tó fẹ́ràn fáàrí, àmọ́ ó ń fara da ìyà. Fún ẹni tó máa fi ọ̀kadà gbé ọ̀pá láti Isanlu lọ sódò, tàbí tó máa kó o sẹ́yìn mọ́tò láti Lọ́kọ́jà gba Obajana dé Kabba, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì yẹn, ohun tó ń fara da ìyà ni mo máa kọ́kọ́ bá a wá.

Ẹ wo òkè ibi ìdìmú, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Gígùn ẹ̀ wà níbẹ̀, bíi 7'0", ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 7. Lẹ́tà L, M, MH tàbí H ń sọ bó ṣe lágbára tó, L ló fúyẹ́ jù nínú wọn, H ló le jù. Ẹ tún máa rí ìwọ̀n ìdẹ tó lè jù, bíi 10-30 g, àti agbára okùn tó yẹ ẹ́, bíi 8-17 lb. Tẹ́ ẹ bá rí "Fast", apá orí ló máa ń tẹ̀ jù, tó bá jẹ́ "Slow" ó máa tẹ̀ wálẹ̀ títí dé ìtòsí ọwọ́. Ẹni tó bá wá so òjé 100 g mọ́ ọ̀pá 10-30 g, tó fi gbogbo ẹ̀mí jù ú, tó wá gbọ́ "kà!", kó má bínú sí fákítọ́rì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sanwó kíákíá. Ẹ gbé ìdí ọ̀pá sójú bí ẹni fẹ́ yìnbọn, ẹ wò ó bóyá àwọn òrùka tò lórí ìlà kan. Ẹ mú òwú rírọ̀ (cotton wool) díẹ̀ dání, ẹ fi nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan yíká, tí òwú bá há síbì kan, ó ti sán níbẹ̀ nìyẹn, ó sì máa máa já okùn yín. Ẹ de rílì mọ́ ọn, ẹ mì í, kò gbọ́dọ̀ ró. Tí ọlọ́jà bá ń kanra, ẹ jẹ́ kó máa kanra.

Wàyí o, kí ló wá wà nínú èyí tí wọ́n bá èèyàn ṣe tí owó ẹ̀ fi ń ga tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ n sún kámẹ́rà mọ́ òrùka kan. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó fi jókòó sára ọ̀pá. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ò ní kàn gbé e lé e kó bẹ̀rẹ̀ sí í wé òwú, ó máa kọ́kọ́ fi fáìlì rẹ́ etí irin yẹn títí á fi fẹ́lẹ́ táá sì dán, torí tí igun ẹ̀ bá mú, gbogbo ìgbà tí ẹja bá tẹ ọ̀pá ni irin yẹn á máa họ kábọ̀n, lọ́jọ́ kan ó kán láìròtẹ́lẹ̀ wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá wé òwú, ìlà kan á fara ti ìkejì láìsí àlàfo, ó máa le díẹ̀, àmọ́ kò ní le débi tí kò fi ní lè fi àtàǹpàkò ti òrùka kó lè tọ́. Ìgbà yẹn ló kan gọ́ọ̀mù alápòpọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pò láti inú ìgò méjì, ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún, á wá gbé ọ̀pá sórí ẹ̀rọ tó ń yí i jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí gọ́ọ̀mù má bàa ṣàn jọ sápá kan. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 máa ń ní òrùka bíi 7 tàbí 8, ká tó ka ti orí, ẹ wá fojú bu iye wákàtí tó máa lò.

Ó tún ku ibi tí òrùka kọ̀ọ̀kan máa wà, ní tèmi ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń jẹ owó ẹ̀. Fákítọ́rì ti ní ìwọ̀n kan tó ń lò fún gbogbo wọn. Oníṣẹ́ ní tiẹ̀ máa fi rọ́bà kékeré so àwọn òrùka mọ́ ọ̀pá fúngbà díẹ̀, ó máa ki okùn bọ̀ wọ́n, ó máa fa okùn yẹn títí ọ̀pá á fi tẹ̀ dáadáa bí ìgbà tí ẹja ńlá bá wà lẹ́nu ẹ̀, á wá máa wò ó, ibi tí okùn bá ti fẹ́ kan ara igi, ó máa sún òrùka kan síbẹ̀. Tó bá ṣe é tán, gbogbo igi ló jọ ń gbé ẹrù, kò sí ojú kan tó ń dá jìyà.

Ti ibi ìdìmú náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń dúró sétí odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Bẹ́núé ti wá pàdé ẹ̀, gbalasa ni omi yẹn, ó fẹ́ jù ú jìnnà, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi jù ú, ó nílò ìdí ọ̀pá tó gùn kọjá ìgbọ̀nwọ́ àti ọ̀pá gígùn fúnra ẹ̀, bíi ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ onígi, ìdí gígùn yẹn á kàn máa kọ́ ọ láṣọ ni, á máa gún un níkùn. Ẹni tó bá sì ń pẹja lẹ́bàá odò Oyi níbi tí igi ti bo orí omi, ọ̀pá gígùn ò ní ríbi jù, ẹ̀ka igi ló máa fi ìwọ̀ mú. Ẹ ò ní ṣàì rí ọ̀pá fákítọ́rì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí o. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kéré, tí apá ẹ̀ kúrú, tàbí tí èjìká ń dùn, tó sì ń pẹja lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni mo máa sọ fún pé kó lọ bá oníṣẹ́.

Ẹja náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Èpìyà inú dáàmù Kampe-Omi ní Yàgbà, ọ̀pá L ti fákítọ́rì pẹ̀lú ekòló ti tó o jàre, kí lèèyàn ń wá oníṣẹ́ fún? Àrọ̀ tó ń jẹ̀ nísàlẹ̀ lálẹ́, ọ̀pá M tàbí MH tí ò gbówó lórí máa gbé e. Ó dìgbà tó bá kan èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní giwan ruwa (Nile perch), ẹja tó lè wúwo ju 100 kg lọ tó bá dàgbà tán. Kì í ṣojoojúmọ́ lẹ máa pàdé irú àgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, àmọ́ kékeré ẹ̀ náà lágbára, òrùka jákujàku ò lè bá a dọ́rẹ̀ẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ okùn tí wọ́n hun lẹ ń lò. Okùn yẹn máa ń gé ojú sínú òrùka irin lásán. Tẹ́ ẹ bá ń bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ní òrùka tí inú ẹ̀ jẹ́ aluminium oxide tàbí silicon carbide lẹ fẹ́. Silicon carbide wọ́n jù, àmọ́ ó le jù, kì í sì í gbóná bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kábọ̀n, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Iná mànàmáná máa ń gba inú kábọ̀n kọjá. Ẹ má gbé e kọjá lábẹ́ wáyà NEPA, tójú ọjọ́ bá ṣú tí ààrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ gbé ọ̀pá sílẹ̀ kẹ́ ẹ kúrò létí omi. Ti fákítọ́rì o, ti oníṣẹ́ o, ìkan náà ni wọ́n lórí ìyẹn.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí mo fẹ́ràn ju, àwọn èèyàn kì í sì í rántí ẹ̀. Ẹ ra ọ̀pá fákítọ́rì tí blánkì ẹ̀ dáa, tí òrùka ẹ̀ ò dáa, torí òrùka ni wọ́n máa ń fi dín owó kù. Ẹ lò ó títí ẹ fi máa mọ ohun tó ń bí yín nínú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí oníṣẹ́ tú àwọn òrùka yẹn dànù, kó fi tuntun sí i, kó gé ìdí ẹ̀ tàbí kó fi kún un. Owó tẹ́ ẹ máa san á kéré sí èyí tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ṣe tuntun fún yín. Ọ̀rọ̀ títà náà wà ńbẹ̀ o: ọ̀pá fákítọ́rì tẹ́ ẹ ò fẹ́ mọ́, ẹlòmíì á rà á lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ "Bàbá Ìyábọ̀" sí lára gàdàgbà, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ mẹ́ta dárà sí, ta ló máa rà á?

Tó bá wá kán ńkọ́? Ìwé ìdánilójú (warranty) ti fákítọ́rì sábà máa ń wà, àmọ́ iye tẹ́ ẹ máa fi gbé igi tó kán padà lọ sókè òkun lè ju ti ọ̀pá tuntun lọ. Ẹ bi oníṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá òun fúnra ẹ̀ ló máa tún un ṣe, ibo ló sì wà. Orí ṣóńṣó ló máa ń kán jù, ilẹ̀kùn mọ́tò ló sì ń pa púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ò sì nílò oníṣẹ́ rárá: ẹ gé ibi tó ya kó tẹ́jú, ẹ ra òrùka orí tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ yọ́ gọ́ọ̀mù ọ̀pá, irú èyí tí wọ́n ń fi iná yọ́, kín-ún sórí igi, ẹ tì í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí i kó tò bá àwọn òrùka tó kù kí gọ́ọ̀mù tó tutù. Ẹ má lo araldite síbẹ̀, torí tó bá tún kán, iná kékeré ò ní lè yọ ọ́.